Wúfà oníhò tàbí èyí tó dí pa: èwo ló yẹ pálọ̀ yín l'Àkúrẹ́?

Wúfà, sípíkà ńlá tó ń mú ohùn béèsì jáde, méjì ló wà nílé mi ní Òkè-Àró. Inú àwọn méjèèjì ni áńpù wọn, ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára, wà: ẹ ó ki wáyà iná wọn bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ ó fa wáyà ohùn wá láti ara tẹlifíṣọ̀n tàbí rédíò, ó tán. Èkíní kéré. Ojú sípíkà rẹ̀ jẹ́ ínṣì 8, àpótí rẹ̀ sì dí pa, kò síbi tí afẹ́fẹ́ lè gbà wọlé tàbí jáde. Èkejì jẹ́ ínṣì 10, ó ní ihò rogodo kan bí ẹnu ife ní ìsàlẹ̀ iwájú rẹ̀. Tòkunbọ̀ lèyí tó dí, mo ti ń lò ó fún ọdún mẹ́fà. Èyí tó ní ihò, inú páálí ni mo ti yọ ọ́, ó ń lọ sí ọdún mẹ́ta báyìí.

Àwọn ará àdúgbò tó bá wọlé wá gbọ́ orin kì í pẹ́ béèrè pé èwo ni kí àwọn rà nínú irú méjèèjì. Iye ínṣì àti iye wáàtì tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ibẹ̀ kọ́ ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn lóhùn. Ohun tó ń pa wúfà nílùú wa ni iná tó ń lọ sókè sódò, fóòmù tó ń jẹrà, àti pátákó áńpù tí kò sẹ́ni tó lè tún un ṣe. Èyí tí ẹ bá lè tọ́jú ni kí ẹ rà.

Ohùn wọn

Etí ènìyàn ń gbọ́ ohùn láti nǹkan bíi Hz 20 dé Hz 20,000 (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan). Ìsàlẹ̀ pátápátá niṣẹ́ wúfà, kì í sábà kọjá Hz 80 tàbí 120. Okùn tó nípọn jù lára gìtá béèsì ń dún ní Hz 41, sípíkà pẹlẹbẹ inú tẹlifíṣọ̀n kò sì débẹ̀ rárá. Bí ẹ bá ń fi tẹlifíṣọ̀n nìkan gbọ́ orin King Sunny Adé, ọmọ bíbí ìdílé ọba Oǹdó, ẹ óò gbọ́ dùndún, ẹ óò gbọ́ gìtá, ẹ óò gbọ́ àwọn elégbè. Ṣùgbọ́n gìtá béèsì tó rù gbogbo wọn sórí, ọkàn yín ló ń bá yín dá a sí i. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo tan wúfà kékeré yẹn sí orin jùjú, ó ṣe mí bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ẹnì kan wọ inú ẹgbẹ́ náà.

Nínú àpótí tó dí, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló ń ṣe bíi sípíríǹgì lẹ́yìn sípíkà: ó ń tì í, ó ń fà á padà. Edgar Villchur ará Amẹ́ríkà ló gbé irú àpótí yìí jáde lọ́dún 1954, nínú sípíkà tó pè ní AR-1. Ohùn rẹ̀ kì í ga jù, ṣùgbọ́n bí orin bá ń lọ sílẹ̀ sí i, díẹ̀díẹ̀ ló máa ń fi í sílẹ̀: lẹ́yìn ibi tí agbára rẹ̀ dé, ó ń pàdánù dẹ́síbẹ̀lì 12 (ìwọ̀n bí ohùn ṣe lágbára tó) nígbàkúùgbà tí ẹ bá pín iye Hz sí méjì. Oníhò kò rí bẹ́ẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ṣe ihò rẹ̀ sí, afẹ́fẹ́ inú ihò náà ń bá sípíkà ṣiṣẹ́, ohùn á rinlẹ̀, á kún ilé, láìjẹ́ pé áńpù ń làágùn. Àmọ́ bí ẹ bá ti kọjá ìsàlẹ̀ ibẹ̀, ó já nìyẹn, dẹ́síbẹ̀lì 24 ló ń lọ lẹ́ẹ̀kan, afẹ́fẹ́ kò sì di ojú sípíkà mú mọ́. Fíìmù tó ní ìbúgbàù gidi lè jẹ́ kí ojú náà fò kọjá ààlà. Mo ti gbọ́ ọ rí lára tèmi: ó lu gbàgà bí ẹni fi òòlù lu páànù, mo sì sáré dín ohùn rẹ̀ kù.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ wúfà kékeré, tó ń dún jìnnà sísàlẹ̀, tó tún ń pariwo láìjẹ iná púpọ̀, mẹ́ta ni ẹ béèrè yẹn, méjì péré ni ẹ máa rí gbà. Òfin yìí ni wọ́n fi orúkọ J. Anton Hofmann pè, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó dá iléeṣẹ́ sípíkà KLH sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1957. Ìdí nìyẹn tí Bob Carver, nígbà tó ṣe wúfà Sunfire tí àpótí rẹ̀ kò ju ínṣì 11 níhà gbogbo lọ ní 1996, fi ní láti ki áńpù wáàtì 2,700 sínú rẹ̀. Ojú sípíkà ínṣì 10 fẹ̀ tó ìlọ́po kan ààbọ̀ ti ínṣì 8. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí sípíkà kan náà dún bákan náà ní ìdajì Hz tó wà tẹ́lẹ̀, ó gbọ́dọ̀ rìn síwá sẹ́yìn nílọ̀ọ́po mẹ́rin. Ìyẹn ló ń pa àwọn kékeré.

Ṣùgbọ́n pálọ̀ gan-an lágbára ju gbogbo èyí lọ. Pálọ̀ mi jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé tí a ń gbé. Igbà tí ògiri méjèèjì bá gùn dọ́gba báyìí, ohùn kan wà tí yóò máa ta láti ògiri dé ògiri tí yóò sì wú bí fùkùfùkù. Ní ilé ẹsẹ̀ bàtà 12, ohùn náà wà ní nǹkan bíi Hz 47. Kọ̀ǹpútà kò ní láti sọ fún yín: nígbàkúùgbà tí onígìtá béèsì bá ti fọwọ́ kan ibẹ̀, gbogbo ilé á hó, àwọn ohùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á sì dà bí ẹni pé wọn kò sí. Oníhò mi ni mo kọ́kọ́ gbé sí igun ilé, nítorí pé igun ló fi pamọ́ jù. Ọjọ́ kẹta, bàbá onílé wa tó wà ní iyàrá ẹ̀gbẹ́ kan ilẹ̀kùn.

"Bàbá Táyé, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń gbọn àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù mi?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ̀rọ tuntun yẹn ni. Màá sún un."

"Orin yẹn dáa o. Àwo ni mo ń sọ."

Mo sún un kúrò ní igun. Igun máa ń fi kún béèsì gan-an, torí pé ògiri méjì àti ilẹ̀ ló ń ti ohùn jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó yá, mo ṣe ohun tí àwọn tó mọ̀ nípa ohùn máa ń ṣe: mo gbé wúfà sórí àga tí mo máa ń jókòó sí, mo tan orin tí béèsì rẹ̀ ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, mo wá kúnlẹ̀, mo ń rákò lẹ́bàá ògiri, mo ń tẹ́tí. Ibi tí gbogbo ohùn béèsì ti dọ́gba, tí kò síkan tó ń pariwo ju èkejì lọ, ibẹ̀ ni mo gbé wúfà lọ: lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tẹlifíṣọ̀n, ìdá mẹ́ta ògiri sí igun. Àwo bàbá kò gbọ̀n mọ́. Fèrèsé onílúfà tèmi ni mo wá ní láti fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ há létí, nítorí gíláàsì rẹ̀ ń kọrin tirẹ̀.

Nínú irú pálọ̀ kóńkóló bẹ́ẹ̀, èyí tó dí pa ni mo fẹ́ràn ju fún orin. Fún fíìmù, oníhò, n kò jiyàn.

Iná

Ibí ni ẹ jọ̀ọ́ kí ẹ fara balẹ̀.

Iná tiwa jẹ́ fóltì 230, Hz 50. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ fóltì 120, Hz 60. Ti Japan jẹ́ fóltì 100. Ọ̀pọ̀ wúfà tòkunbọ̀ tó ń wọ ọjà wa, ọ̀nà ibẹ̀ yẹn ni wọ́n ti ń bọ̀. Èyí tí mo rà, ẹni tó tà á ti gé orí wáyà rẹ̀, ó ti so èyí tó bá sọ́kẹ́ẹ̀tì wa mu mọ́ ọn. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Mo gbé e délé, mo kì í bọ iná, kò tó kí n ka ení, èjì, ẹ̀ta, tí mo fi gbọ́ ìró kan nínú rẹ̀ bíi pé wọ́n ṣẹ́ igi gbígbẹ, òórùn bí ike tó ń jóná sì gba ilé. Nígbà tí mo yí i padà ni mo rí i lẹ́yìn rẹ̀, lára bébà fàdákà kékeré lẹ́bàá ibi tí wáyà ti ń wọlé: 120V~60Hz. Ó ti wà níbẹ̀ látìgbà tí mo ti ń ná an.

Fúùsì ló gbà mí. Atúnrédíòṣe tí mo gbé e lọ bá ní Arákalẹ̀ ṣí i níwájú mi: fúùsì já, kàpásítọ̀ ńlá méjì, àwọn tó ń tọ́jú iná pamọ́ fún áńpù, wú lórí bí búrẹ́dì, ṣùgbọ́n tíráńsífọ́mà kò jóná. Ó pààrọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì kìlọ̀ fún mi pé bí ó bá ṣe pé ẹnì kan ti fi irin wáyà di ojú fúùsì yẹn tẹ́lẹ̀, òkú ni mo gbé wá. Láti ọjọ́ náà, tíráńsífọ́mà tó ń já 230 sí 120 ni mo fi ń lò ó, mo sì ra èyí tí agbára rẹ̀ tó ìlọ́po méjì ohun tí wúfà ń jẹ. Nígbà tí Hz 50 bá ń gba inú ohun tí wọ́n ṣe fún Hz 60 kọjá, ó máa ń gbóná díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí náà ẹ má ṣe gbé e sáàárín kọ́bọ́ọ̀dù tí afẹ́fẹ́ kò dé. Àwọn tòkunbọ̀ kan ní bọ́tìnì pupa kékeré lẹ́yìn tí a fi ń yan 115 tàbí 230. Ẹ wò ó kí ẹ tó kan iná rárá.

Oníhò mi kò ní wàhálà yìí. Ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ ni 100–240V, ó gba ohun gbogbo, ó sì fúyẹ́ débi pé ọmọ ọdún mẹ́wàá lè gbé e. Áńpù onítíráńsífọ́mà àtijọ́ ń sọ bí ìdajì iná tó jẹ di ooru lásán, ti tuntun tí wọ́n ń pè ní class D lè lo ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ ínfátà ló ń lò á mọ ìyàtọ̀ yìí lára bátìrì rẹ̀. Àmọ́ bí ínfátà yín kò bá jẹ́ irú tó ń mú iná tó yípo dáadáa wá bíi ti ìjọba, tíráńsífọ́mà inú wúfà àtijọ́ á máa kùn, á sì gbóná. Jẹnẹrétọ̀ kékeré, èmi ò fi wúfà kankan sí i mọ́. Bí ẹnìkan bá pa áyọ́ọ̀nù lójijì, fóltì á fò sókè kí ẹ̀rọ tó mọ ohun tó ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ wáàtì tí wọ́n ń kọ sára páálí, ẹ fi fúùsì ṣírò rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ wáàtì 5,000 PMPO (iye ìpolówó, tí ẹ̀rọ kò lè mú dúró) síwájú, tí fúùsì ẹ̀yìn jẹ́ ámpíà kan, 230 lọ́nà 1 jẹ́ 230. Wáàtì 230 ni gbogbo ohun tó lè máa gbà lára ògiri, òun náà ni yóò fi dún, tí yóò fi gbóná, tí yóò fi tan iná kékeré iwájú rẹ̀. RMS, wáàtì tí ẹ̀rọ lè máa mú jáde láìdúró, ni kí ẹ máa wá.

Ara wọn, fóòmù wọn

Ẹ yọ aṣọ iwájú wúfà. Ẹ ó rí òrùka rírọ̀ kan tó yí ojú sípíkà ká, tó so ó mọ́ irin. Ọ̀nà méjì ni wọ́n máa ń gbà ṣe é: fóòmù tàbí rọ́bà. Ẹ rọra fi ìka ìlábẹ̀ yín tẹ̀ ẹ́. Rọ́bà á tẹ̀ wọlé, á padà, ìka yín á mọ́. Fóòmù tó ti ń kú á lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ bí àmàlà tó tutù, tàbí kó ṣẹ́ wẹ́wẹ́ bí èérún àkàrà. Oòrùn àti ọ̀rinrin ló ń jẹ ẹ́, kì í ṣe lílò. Wúfà tí wọ́n tọ́jú sínú páálí fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìtàn án lè ti jẹrà tán. Ẹ sì mọ bí ọ̀rinrin ṣe ń rí ní Àkúrẹ́ láti oṣù kẹrin lọ, nígbà tí bàtà aláwọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ń hu èbu.

Fóòmù tó bàjẹ́ kì í ṣe òpin. Wọ́n ń tà á lọ́tọ̀. Ẹ wọn ìbú rẹ̀ láti etí dé etí, kí ẹ má kàn sọ pé ínṣì 8, nítorí ínṣì 8 iléeṣẹ́ kan kì í ṣe ti èkejì. Wọ́n á fi ọ̀bẹ fá ti àtijọ́ kúrò, wọ́n á fi sípíríìtì nu ìyókù gọ́ọ̀mù, wọ́n á lẹ tuntun mọ́ ojú sípíkà kí wọ́n tó lẹ ẹ́ mọ́ irin. Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni kí kóìlì àárín, wáyà tó ká lẹ́yìn ojú sípíkà, dúró gbọọrọ. Kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ, ẹ fi ìka mẹ́rin tẹ ojú sípíkà wọlé jẹ́jẹ́ ní ọ̀nà mẹ́rin, ẹ tẹ́tí: bí ẹ bá gbọ́ bíi pé bébà ń ha bébà, kò tíì dúró. Ẹ sún un. Tèmi jẹ́ rọ́bà, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n mo ti jókòó ti atúnrédíòṣe yẹn nígbà tó ń ṣe ti ẹlòmíì, wákàtí kan ààbọ̀ gbáko.

Ihò oníhò ní ọ̀tá tirẹ̀. Ọmọńlé. Inú rẹ̀ ṣókùnkùn, ó lọ́wọ́ọ́wọ́ nítorí áńpù, kò sí ibi tó yẹ wọ́n jù bẹ́ẹ̀. Tèmi yé ẹyin méjì síbẹ̀. Ewu ibẹ̀ ni bí ó bá rìn gba orí pátákó áńpù kọjá, ó lè so ohun méjì tí kò yẹ kó kanra pọ̀. Mo gé nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, mo fi rọ́bà dè é mọ́ ẹnu ihò nígbà tí n kò bá lò ó, mo sì máa ń yọ ọ́ kí n tó tan orin. Ẹ má ṣe kó àkísà di ihò náà pa títí láé, ó yí bí wúfà ṣe ń ṣiṣẹ́ padà. Èyí tó dí pa kò ní irú ìṣòro yìí: kò sóhun tó wọ inú rẹ̀.

Eruku, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a. Ẹ má fi omi.

Nígbà tó bá bàjẹ́

Ọdún tó kọjá, òjò ńlá kan rọ̀, iná lọ, ó padà dé lágogo méjì òru pẹ̀lú agbára tó mú gílóòbù pálọ̀ tàn bí ọ̀sán gangan. Mo ti yọ wáyà wúfà kékeré kí n tó sùn. Mo gbàgbé ti oníhò. Kò tún tàn mọ́ láti òru ọjọ́ náà. Ọkùnrin Arákalẹ̀ ṣí i, ó fi awò ńlá wò ó, ó ní àwọn ohun tó wà lórí pátákó yìí kéré ju ojú èèrà lọ, òun ò ní irin tí wọ́n fi ń jó lẹ́ẹ̀dì tó lè kàn án. Ẹni kejì ní kí n jù ú nù, kí n ra áńpù míì sí i lára níta. Ẹni kẹta, nítòsí FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ Àkúrẹ́, ló rí i pé gbogbo pátákó ni a máa pààrọ̀, oṣù méjì ni a fi dúró kó tó dé láti Èkó.

Bí èyí tó dí pa bá tún bàjẹ́ lọ́la, mo mọ̀ pé ohun tó wà nínú rẹ̀ ni tíráńsífọ́mà kan, kàpásítọ̀ ńlá méjì, tíránsísítọ̀ mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ ṣeé fi ojú rí, ó sì wà lọ́jà. Èyí ni ó fi wọ̀ mí lọ́kàn jù. Nínú méjèèjì, ìgbọ̀nrìrì béèsì fúnra rẹ̀ ń tú àwọn ohun tí wọ́n jó mọ́ pátákó, nítorí pé inú àpótí kan náà ni áńpù àti sípíkà jọ ń gbé. Ẹ ní kí atúnrédíòṣe fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ mú àwọn kàpásítọ̀ gíga mọ́lẹ̀ nígbàkúùgbà tó bá ṣí i. Ooru náà: bí kàpásítọ̀ bá fi ìwọ̀n Celsius 10 gbóná sí i, ọjọ́ ayé rẹ̀ á dín kù sí ìdajì.

Bí wúfà bá ń kùn nígbà tí orin kò dún, ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà díìṣì tàbí ẹ̀ríà kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ ló ti ń wá. Ẹ ki gbogbo ẹ̀rọ bọ orí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo.

Èwo fún ta?

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé iyàrá kan tàbí pálọ̀ kékeré, tí ògiri yín pa pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíì, ẹ ra èyí tó dí pa, ínṣì 8, tí òrùka rẹ̀ jẹ́ rọ́bà. Ẹni tó bá ní ilé tirẹ̀ ní Ìjàpọ̀ tàbí Ọ̀bá-Ilé, tí pálọ̀ rẹ̀ gùn tó sì ga, tó fẹ́ràn fíìmù, oníhò ínṣì 10 á tẹ́ ẹ lọ́rùn, ṣùgbọ́n kó ra ohun tó ń ṣọ́ fóltì kó tó tan án. Onínfátà, tuntun. Ẹni tó mọ atúnrédíòṣe gidi, tòkunbọ̀ onítíráńsífọ́mà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé orin jùjú kan dání lórí fóònù yín, ẹ ní kí wọ́n so ó mọ́ ọn. Ẹ kọ́kọ́ ka bébà fàdákà ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ òrùka. Ẹ wá yí ohùn rẹ̀ lọ sókè díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ gìtá béèsì ní ohùn kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn àpótí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ó bá gbóná débi tí ọwọ́ yín kò lè dúró síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e padà sórí tábìlì wọn.